Bí A Ṣe Kọ́ Ilé Wa Láti Ṣọ́ Ìyàwó Mi

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìyàwó mi kọ́kọ́ jáde nílé láìsọ fún mi. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì mú ọ̀nà ilé-ìwé pọ̀n. Olùkọ́ ni òun náà bíi tèmi, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà sí títì tó ti Adó lọ sí Àkúrẹ́, àwọn àjàgbé tó ń sáré níbẹ̀ kò sì mọ àgbàlagbà yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Aládùúgbò kan tó ń bọ̀ láti oko ló rí i létí títì, tó fà á lọ́wọ́ padà wá bá mi. Mo dúpẹ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í lè ka ojú ìwé kan parí láìgbé ojú sókè wò ó.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Adó sọ fún wa pé àìsàn ìgbàgbé ni. Ó ní kò sí oògùn tí yóò dá a padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ilé tí ojú rẹ̀ mọ̀ àti àwọn ènìyàn tí etí rẹ̀ mọ ohùn wọn yóò ràn án lọ́wọ́. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ọmọ wa obìnrin, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, di ọ̀rọ̀ títì mú ní tirẹ̀. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta.

"Bàbá mi, ẹ ò lè máa ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru," ó wí fún mi. "Ẹ̀yin náà ti dàgbà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà tí o bá lọ síbi iṣẹ́?"

Ó wo ilẹ̀kùn, ó ní, "Ó dáa. N ó fi àwọn nǹkan kan sínú ilé yìí tí yóò máa bá yín ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ ní àdéhùn o. Bí Màmá bá tún fi dé etí títì láìsí ẹni tó mọ̀, mò ń mú wọn lọ."

Mo gbà. Kí ni n bá tún ṣe?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kó ẹrù náà dé. Mo ti rò pé ẹ̀rọ gàgàrà kan ni, n kò mọ̀ pé nǹkan tó wọ inú páálí bàtà ni. Ó lẹ ohun kékeré méjì-méjì mọ́ ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan mọ́ ara ilẹ̀kùn, ìkejì mọ́ férémù. Bí méjèèjì bá ti ya ara wọn, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn, wọn yóò sì ránṣẹ́ sí àpótí kan tó gbé sí pálọ̀. Àpótí náà yóò sọ̀rọ̀ sókè, yóò sì tún ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ra aago ọwọ́ kan fún ìyá rẹ̀, tó ń sọ ibi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ wà. Ìyàwó mi kò bá a jiyàn, nítorí olùkọ́ tí kò ní aago lọ́wọ́ kì í ṣe olùkọ́ lójú rẹ̀. Ó sì gbé bátìrì sólà kan ti ẹ̀rọ tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì, kí iná ọba lè máa lọ kó máa bọ̀ bó ṣe wù ú láìdí wa lọ́wọ́.

Mo bi í ní ìbéèrè, mo sì kọ ìdáhùn sínú ìwé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń tẹ̀ wọ́n.

"Wọ́n á kàn wà níbẹ̀ ni," ọmọ mi wí. "Bó bá yá, ẹ ò ní rántí pé wọ́n wà."

Ohùn ara rẹ̀ ló gbà sínú àpótí náà. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí, àá gbọ́ ọ: "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ti ṣí o." Ó rò pé ohùn ọmọ kò ní já ìyá láyà. Ó rò ó re.

Lẹ́yìn tó padà sí Ìbàdàn, mo ṣe ohun tí olùkọ́ yóò ṣe. Mo ra káádíbọ́ọ̀dù funfun, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo fi máákà pupa kọ àkọlé, mo fi búlúù kọ gbogbo ìlànà ẹ̀rọ náà lẹ́sẹẹsẹ, mo sì gbé e kọ́ pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wa. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo kọ pásíwọ́ọ̀dù íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò bá sí lára ògiri, ọmọ ilé-ìwé kò tíì kọ́ ọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti di olùkọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí ẹ̀yìnkùlé wa ṣe rí. Inú agboolé bàbá mi ni a kọ́lé sí. Ọ̀nà tó lọ síbi ẹ̀rọ omi gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá, àwọn ará ilé sì máa ń yà gba ilé ìdáná wa kí wọ́n lè kí ìyàwó mi. A kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé lójú ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Bí o bá tì í ní ọ̀sán, o ń bá ẹnì kan jà nìyẹn, tàbí o fẹ́ dá jẹ ẹran. Ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fi sípíríǹgì sí i: kò tì, ṣùgbọ́n ó ń padé fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń gba ibẹ̀ jù. Opó ni, gàrí ló ń yan tà. Ìyàwó mi a máa pè é ní ọkọ òun, òun náà a sì máa pe ìyàwó mi ní "ìyàwó wa", bó tilẹ̀ jẹ́ pé arúgbó ni àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi, ó dúró sójú kan náà.

"Háà! Ọmọ mi, o ti dé láti Ìbàdàn? Ẹ kú ulé o! Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo jáde sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí níbí. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wo? Ohùn ọmọ mi kọ́ ni mo gbọ́ yìí?"

"Ohùn rẹ̀ ni, òun kọ́."

"Tíṣà, o ti bẹ̀rẹ̀ o." Ó yíjú sí ilẹ̀kùn, ó tún kí i.

Títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí ló ń kí i. Àwọn ọmọ agboolé a máa ṣí ilẹ̀kùn náà léraléra kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ìyàwó mi nìkan ni kò yà lẹ́nu. "Ọmọ yẹn ti máa ń sọ̀rọ̀ jù láti kékeré," ó wí, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ tó ń já lọ.

Fóònù mi ń dún bí agogo ìsinmi ilé-ìwé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo dín ohùn rẹ̀ kù. Nígbà tó di ìkẹta, n kì í wò ó mọ́ àyàfi bí mo bá rántí. Ẹni tó bá ti kọ́ kíláàsì aláriwo rí mọ̀ bó ṣe ń rí: etí a máa kọ́ láti má gbọ́ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tó ń wá kí wa lẹ́yìn ìsìn sì ti rí káádíbọ́ọ̀dù mi. Wọ́n ní lẹ́tà mi ṣì dúró dáadáa. Inú mi dùn. Wọ́n da pásíwọ́ọ̀dù náà kọ sínú fóònù wọn, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ta ló ń fi omi du àlejò?

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ó ṣẹlẹ̀. A jẹun tán, ìyàwó mi jókòó ní ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà, mo ní kí n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo jí, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sọ nínú mi pé òní mà tura o. Mo ti ń wá awò ojú mi kí n tó ronú pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Àtẹ ẹ̀wà wà lórí àpótí ìjókòó, kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, òkúta kan ni wọ́n fi dá a dúró.

Mo mú fóònù mi. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí láàárọ̀. Mo ní kó fi ibi tí aago ọwọ́ wà hàn mí, ó ń yí, ó ń yí, kò mú nǹkan kan jáde. Dátà ilé ti tán. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sí ìta mi láàárọ̀ ti fi fíìmù fà á gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bọ̀ pẹ̀lú igbá gàrí lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fi òkúta sí ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni." Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. "Mo ní kí ọmọ náà sinmi. Ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn, láti àárọ̀! Ṣé ọ̀fun rẹ̀ kò ní gbẹ ni? Ìwọ náà sì fẹ́ sùn."

"Ìyàwó wa dà?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ju igbá sílẹ̀, kò tilẹ̀ wo ibi tí gàrí dà sí. Òun gba ọ̀nà ẹ̀rọ omi, èmi gba ọ̀nà títì. Mo gbọ́ fèrè àjàgbé kan lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Mo rí i níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìsẹ̀. Fọ́kanáísà kan ń lẹ táyà níbẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni ìyàwó mi jókòó sí, ife omi lọ́wọ́ kan, ìka ọwọ́ kejì nà sókè bí ìgbà tó bá wà níwájú pátákó.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá," ọkùnrin náà wí. "Màmá ní àwọn ń dúró de ọkọ̀ Ìsẹ̀. Mo rí i pé bàtà inú ilé ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, ni mo bá ní kí wọ́n jókòó, pé n ó bá wọn dá ọkọ̀ dúró."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò…" Mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Wọ́n ti ní kí n ka táìmù tébù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí méjì, mo já lórí méje."

"Méje lọ́nà mẹ́jọ," ìyàwó mi wí fún mi, "ó ní méjìdínlọ́gọ́ta ni! Ẹ gbọ́ ọ, Tíṣà?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni," mo wí, omijé sì ń bọ́ lójú mi níwájú gbogbo èrò ọkọ̀.

Mo lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọmọ mi. Ó wá sí mi lọ́kàn, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú báàgì òfìfo ńlá kan. Ó wo òkúta, ó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó wọ pálọ̀, ó sì gbójú sókè.

"Bàbá mi! Pásíwọ́ọ̀dù lẹ kọ sára ògiri?"

"Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀."

"Mo rí ìlà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Títì náà ni wọ́n dé, Bàbá mi. A ní àdéhùn."

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo kíláàsì bá kùnà ìbéèrè kan, olùkọ́ kì í lé wọn lọ sílé, yóò wo bó ṣe kọ́ wọn ni. Mo kùnà: mo pín ohun tí kò yẹ kí n pín, mo sì dín ohùn fóònù mi kù. Ẹ̀gbọ́n mi kùnà. Ìwọ náà kùnà."

"Èmi?"

"Ìwọ ni. Ohùn kan náà lo fi ń kéde ẹni tó wá tọrọ iyọ̀ àti ìyá rẹ tó ń lọ sójú ewu. O mọ kọ̀ǹpútà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n o gbàgbé ẹ̀yìnkùlé tí o ti dàgbà. Fún mi ní tẹ́ẹ̀mù kan sí i."

Ó nu ojú rẹ̀. "Tẹ́ẹ̀mù kan péré. Bí wọ́n bá tún dá dé títì ńkọ́?"

"N ó bá ọ di ẹrù rẹ̀ fúnra mi."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a pe ẹ̀gbọ́n mi àti fọ́kanáísà wá sí ẹ̀yìnkùlé. Àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe mí, ọ̀rọ̀ òkúta náà ṣì ń dùn ún.

"Ṣé ká má gba ibẹ̀ mọ́ nìyẹn?" ó bi ọmọ mi.

"Ẹ máa gbà á, Ìyá mi. Ilẹ̀kùn ni kò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ohùn rẹ ńkọ́? Ó ti mọ́ mi lára."

"N ó máa pè yín lórí fóònù."

"Ìwọ gan-an, tàbí ẹ̀rọ?"

"Èmi gan-an."

"A gbọ́. Ẹ̀rí wà níbí o."

Ọmọ mi wá ṣàlàyé. Aago ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ilé yóò máa fiyè sí báyìí. Bí aago náà bá kọjá ẹnu ọ̀nà agboolé láìsí ọ̀kan nínú wa nítòsí rẹ̀, nígbà náà nìkan ni fóònù àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti fọ́kanáísà, yóò dún. Fóònù kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò, nítorí náà ọmọ mi so ohun pẹlẹbẹ kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí ilé yóò fi máa mọ̀ ọ́n. Àmì tí ilé fi ń mọ ẹnìkọ̀ọ̀kan wa dá yàtọ̀. Bí ti ẹnì kan bá sọnù, tirẹ̀ nìkan la óò pa, ti àwọn yòókù yóò máa ṣiṣẹ́. Ó yé mi kíákíá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pín kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé fún àwọn olùrànlọ́wọ́ mi nígbà kan.

"Ṣé n kò lè máa rí ibi tí Màmá wà nígbà gbogbo?" fọ́kanáísà bèèrè. "Kí n lè máa ṣọ́ wọn dáadáa ni."

"Ẹ ó rí i bí wọ́n bá jáde," ọmọ mi wí. "Bí wọ́n bá wà nínú ilé wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú ilé wọn. Màmá kì í ṣe ohun ìwòran."

Ó mi orí. Mo rí i pé ó bọ̀wọ̀ fún èsì náà.

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan. Mo sọ fún ọmọ mi pé ohun tó tàn mí lọ́jọ́ yẹn ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ ti kú, mo sì pè é ní àlàáfíà. Ní ilé-ìwé, a kì í dúró kí ọmọ tí kò wá pariwo pé òun kò wá. A ń pe orúkọ ni, ẹni tí kò bá dáhùn la óò wá lọ. "Ṣé àwọn nǹkan yìí kò lè máa dáhùn orúkọ?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ òun, òun kàn rò pé ó ti pọ̀ jù fún ilé ni. Ó ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, gbogbo wọn ń dáhùn ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, bí ọ̀kan bá sì dákẹ́, ìpè lásán tí kò nílò dátà yóò wọlé sórí fóònù wa. Ó yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ó sì ya ti àlejò sọ́tọ̀, tó jẹ́ pé bó bá tán, tiwa kò ní mọ̀. Káádíbọ́ọ̀dù mi, èmi ni mo fọwọ́ ara mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní nǹkan bí àárín tẹ́ẹ̀mù náà, òjò ńlá kan rọ̀ nígbà tí mo wà níbi ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Dátà lọ, nítorí àpáta tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa kì í jẹ́ kó dúró nígbà òjò. Aago ọwọ́ ìyàwó mi kò dáhùn orúkọ rẹ̀. Fóònù mi dún. Kí n tó rí agbòjò mi, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ẹnu ọ̀nà agboolé, ó bá ìyàwó mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lórí.

Òun ló sọ fún mi bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Kò fà á padà. Ó wọ inú òjò bá a ni.

"Ìyàwó wa, ó di ibo?"

"Ilé-ìwé ni, ọkọ mi. Mo ti pẹ́."

"Nínú òjò yìí? Wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé."

Ìyàwó mi rò ó wò. "Ta ló ní kí wọ́n máa lọ?"

"Ọ̀gá ni."

"Ó ṣe dáadáa. Òrùlé yẹn ń jò."

Wọ́n sì jọ padà. Fọ́kanáísà sáré dé, ó rin gbingbin, sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kó lọ láìjẹ uyán.

Nígbà tí tẹ́ẹ̀mù náà parí, ọmọ mi dé. N kò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ka ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yára. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sójú kan, ó ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Màmá jáde," ọmọ mi wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹnì kan ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n tó rí títì." Ó pa fóònù náà dé. "N ò mú wọn lọ, Bàbá mi. N ò lè rí irú èyí kó jọ ní Ìbàdàn."

Ẹ̀gbọ́n mi ju ìgbálẹ̀ nù, ó ń jó. Èmi wọ yàrá, mo kúnlẹ̀. Mo dúpẹ́ lórí ọmọ mi, lórí opó tó ju gàrí rẹ̀ sílẹ̀, lórí ọkùnrin tó mọ bàtà inú ilé yàtọ̀ sí ti òde. Mo dúpẹ́ lórí àwọn tí n kò mọ̀ rárá, tí wọ́n jókòó síbì kan tí wọ́n ro bí ohun tí kò tó ìka ọwọ́ ṣe lè máa dáhùn pé òun wà níbí. Àìsàn náà kò lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n inú ilé ara rẹ̀ ni àìsàn náà ti ń ṣe é.

Nígbà tí mo jáde, ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tíṣà, ta ló ń lọ sí Ìbàdàn?"

"Kò sẹ́ni tó ń lọ."

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ ní kí ọmọ yẹn wá jẹun."